Wákàtí 72, Láti Ìgbà Wo? Àgbéyẹ̀wò Ìrìnàjò Òfurufú Lásìkò Kòrónà

Ìṣẹ́jú 75 péré ló bí àgbéyẹ̀wò yìí. Ọkọ̀ òfurufú ilé iṣẹ́ tí mò ń ṣàgbéyẹ̀wò yìí ló pẹ́, ìwé àyẹ̀wò Kòrónà tèmi ni wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí káńtà wo ìwé náà, ó ka wákàtí lórí ìka, ó sì tì í padà sí mi lábẹ́ gíláàsì bí ẹni tó ń dá ayédèrú owó padà.

Oṣù Kejìlá 2021 ni, orílẹ̀-èdè tí à ń lọ kò sì gba àyẹ̀wò tó bá ti lé ní wákàtí 72. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Wọ́n ki igi òwú bọ ihò imú ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èsì jáde nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ yẹ kó gbéra ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí 69 àti ààbọ̀ nìyẹn, ó ku wákàtí méjì ààbọ̀ kó tó pé 72 tí orílẹ̀-èdè tí à ń lọ béèrè. Àfi bí wọ́n ṣe kéde pé ọkọ̀ ti sún sí aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó di wákàtí 73 àti ìṣẹ́jú 15, ìwé sì kú sídìí káńtà.

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́dún 2021 mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń pè ní wákàtí 72 kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Kíkà rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ibi méjì: ìgbà tí wọ́n gba èròjà nínú imú, tàbí ìgbà tí èsì jáde. Ó sì lè parí sí ibi mẹ́rin: aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí ọkọ̀ gbéra gan-an, ìgbà tí ọkọ̀ kejì kúrò níbi ìyíkọ̀ (ibi tí èrò ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn), tàbí ìgbà tí ẹsẹ̀ èrò kan ilẹ̀ níbi tó ń lọ. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú èyí tó wù ú. Amẹ́ríkà tiẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí òfin tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní 2021, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ, wọn kò kọ wákàtí 72. Aago tí èèyàn ṣe àyẹ̀wò kò já mọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ tó ṣe é ni wọ́n ń wò. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n gé e kù sí ọjọ́ kan. Òṣìṣẹ́ tó bá wá ń fi òfin ibì kan ka wákàtí ibòmíràn, ẹni tí ìwé rẹ̀ pé ló máa dá padà.

"Ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ò ní gbà á," ọmọbìnrin ìdí káńtà yẹn ló wí bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà wo? Kò tíì tẹ nǹkan kan. Ìwé kan tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ mọ́ abẹ́ káńtà ló ń wò, ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè rẹ̀ sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì, nínú oṣù Kejìlá 2021! Ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ẹ̀yà Omicron lórúkọ, kó sì tó pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti pa òfin ìwọlé wọn dà. Ìwé tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì nígbà náà, ìwé ìtàn ni.

Èyí tó bí mi nínú jù ló kàn. Ó nawọ́ sí àgọ́ àyẹ̀wò kan ní igun gbọ̀ngàn, ó ní kí n lọ ṣe òmíràn, pé ogún ìṣẹ́jú ni. Àyẹ̀wò ogún ìṣẹ́jú ní àgọ́ yẹn, antigen ni. Antigen ń wá purotéènì ara kòkòrò àrùn náà. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣì í nígbà tí kòkòrò kò bá tíì pọ̀ nínú imú. PCR, irú àyẹ̀wò tí èmi ṣe, ní tirẹ̀ máa ń sọ ìwọ̀nba àbùdá kòkòrò tó bá rí di púpọ̀ títí yóò fi hàn, ìdí nìyí tó fi ń pẹ́ kó tó jáde, òun nìkan sì ni orílẹ̀-èdè tí à ń lọ gbà. Èèyàn méjì tó ṣáájú mi ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Wọ́n ti wà nílà níbẹ̀, wọ́n ti ń wá owó jáde fún ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà lọ́wọ́ wọn níbi tí wọ́n ń lọ.

Mo ní kó bá mi pe ọ̀gá rẹ̀. Nítorí ọ̀gá yẹn ni ohun tí mò ń kọ yìí fi jẹ́ àgbéyẹ̀wò, tí kò di ìwé ẹ̀sùn. Obìnrin kan ló jáde, èémí tó ń gba òkè ìbòmú rẹ̀ ti sọ awò ojú rẹ̀ di funfun. Kò bá mi jiyàn, kò sì jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú èrò. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì." Ó ṣí Timatic, àkójọ òfin ìwọlé tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń wò kí wọ́n tó gba èrò sókè. Ó tẹ orílẹ̀-èdè tó ni ìwé ìrìnnà mi, ó tẹ ibi tí mo ti gbéra, ibi ìyíkọ̀, ibi tí mò ń lọ. Ó ka ohun tó jáde sókè, kò fo ọ̀rọ̀ kan: wákàtí 72, láti ìgbà tí wọ́n gba èròjà, sí aago tí wọ́n fi ọkọ̀ àkọ́kọ́ sí. Ó wá yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. "Aago tí wọ́n fi ọkọ̀ sí ni wọ́n wí. Àwa la pẹ́, ẹ̀yin ò pẹ́. Ìwé yín pé."

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó tẹ ìwé ìdádúró ọkọ̀ jáde, ó kọ aago àtijọ́ àti aago tuntun sí i, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì so ó mọ́ èsì àyẹ̀wò. "Wọ́n máa bi yín níbi ìyíkọ̀. Èyí ni kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n." Wọ́n bi mí lóòótọ́, ìwé yẹn nìkan ló sì dáhùn. Ó rán ẹnì kan lọ pe àwọn méjì tó wà nílà antigen padà. Lẹ́yìn náà ló já ìwé abẹ́ káńtà yẹn kúrò, ó rún un mọ́wọ́, ó sì fi ibi tí wọ́n ti ń wo òfin ọjọ́ náà han ọmọbìnrin yẹn, jẹ́jẹ́.

Ká sọ òótọ́, ó nídìí tí ẹni tó wà nídìí káńtà fi máa ń sáré sọ pé rárá. Ilé iṣẹ́ tó bá gbé èrò tí ìwé rẹ̀ kò pé lè san owó ìtanràn, òun náà ni yóò sì gbé onítọ̀hún padà. Bó bá dá ẹni tí ìwé rẹ̀ pé padà ńkọ́? Èrò ló ń jẹ ìyà yẹn. Ibi tí ìbẹ̀rù wọn wà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni èrò gbọ́dọ̀ ti gbára dì. Lásìkò náà, kí wọ́n tó ki igi òwú bọ imú rẹ ni ó yẹ kí o ti béèrè bóyá ìwé èsì yóò gbé orúkọ jáde bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú orúkọ àárín, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, irú àyẹ̀wò, ọjọ́ àti aago tí wọ́n gba èròjà. Aago yìí ni ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò máa ń gbàgbé, wọ́n á kọ ti èsì nìkan. Tí orúkọ bá yí sódì, tí ti bàbá ṣáájú lórí ìwé kan tó sì kẹ́yìn lórí èkejì, yàrá àyẹ̀wò ni kí o padà sí lọ́jọ́ náà gan-an, má dúró di ìdí káńtà.

Fọ́ọ̀mù ibi tí èrò máa wọ̀ sí, tí àwọn orílẹ̀-èdè ń béèrè lásìkò náà, tún ni tirẹ̀. Ó ń béèrè nọ́ńbà ìjókòó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ọ̀nà gbígba káàdì ìwọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pa, torí pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fojú rí ìwé àyẹ̀wò kó tó fún ọ ní ìjókòó. Òṣìṣẹ́ yẹn kan náà ló sì ń béèrè fọ́ọ̀mù tó ti kún kó tó dá ọ lóhùn. Ẹni tí kò fowó yan ìjókòó ṣáájú, á kọ èyí tó bá wá sí i lọ́kàn, á tún padà lọ tún un ṣe lórí fóònù, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń fà bí ìgbín. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kò sí àyè láti kún un ṣáájú wákàtí 48 tí èèyàn máa gúnlẹ̀. Tẹ kóòdù QR rẹ̀ sórí ìwé. Fóònù máa ń kú níbi tí ìlà bá ti gùn jù.

Ara mi wálẹ̀ nígbà tí mo wọ inú ọkọ̀, n kò sì retí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ṣe dáadáa jù. Atẹ́gùn inú ọkọ̀ ńlá òde òní ń pààrọ̀ bí ìgbà 20 sí 30 láàárín wákàtí kan. Bí ìdajì rẹ̀ ń wọlé láti ìta, èyí tó kù ń gba inú asẹ́ HEPA kọjá kó tó padà wá. Asẹ́ náà ń mú ìdá 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tín-ń-tín tó tó máíkírọ́ọ̀nù 0.3 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), ìwọ̀n yẹn ló sì ṣòroó mú jù. Èyí tó tóbi jù ú lọ àti èyí tó kéré sí i ń rọrùn fún un. Atẹ́gùn ń wọlé láti òkè, ó ń jáde nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, kì í sáré láti orí ìlà iwájú dé ti ẹ̀yìn. Nítorí náà, má ti ihò atẹ́gùn tó wà lórí rẹ. Ìgbà tí ewu wà ni ìgbà tí ọkọ̀ dúró nílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò tíì ń yí, tí èrò kún ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ẹrù sókè. Àti nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n lẹ àmì ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀ gbọ̀ngàn ní mítà méjì-méjì, a tò bí ọmọ iléèwé, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó gbogbo wa sínú bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ìgbọ̀nwọ́ sí ìhà.

Ìbòmú lásìkò náà: wọn kò gba èyí tó ní ihò ìmíjáde, nítorí pé èémí ẹni tó wọ̀ ọ́ ń jáde láìsẹ́. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ní kí èèyàn máa pààrọ̀ rẹ̀. Fún wákàtí 11 lókè, mú mẹ́rin dání, torí ọ̀kan á bọ́ sílẹ̀. Oúnjẹ wá nínú páálí, tútù, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ènìyàn sì ṣí imú pọ̀. Mo dúró títí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi jẹun tán. Èrò wà ní ìjókòó àárín, kó má baà jọ ẹnikẹ́ni lójú. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi àárín sílẹ̀ ti dáwọ́ dúró nígbà yẹn. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta, tó pẹ́ nídìí rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ ní Amẹ́ríkà, parí tirẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹrin 2021.

Owó ló kù. Tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí mo rà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yìí, ti ọdún 2020, àwọn fúnra wọn ló fagi lé e. Mo mọ̀ pé nǹkan le: ìrìnàjò èrò lágbàáyé ní ọdún yẹn fi ìdá 65.9 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti 2019. Síbẹ̀, òfin Yúróòpù 261/2004, tó wà fún ẹ̀tọ́ èrò ọkọ̀ òfurufú, sọ pé ọjọ́ méje ni kí owó fi padà. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ "Gba ìwé-owó fún ìrìnàjò mìíràn" sí tóbi ní ojú ìkànnì wọn. Ti owó gan-an? Àfi kí o pè wọ́n. Má tẹ bọ́tìnì ńlá yẹn bí owó lo bá fẹ́, má sì ṣe fọwọ́ ara rẹ fagi lé ìrìnàjò ṣáájú wọn; ẹni tó bá ṣáájú wọn fagi lé e, ó ti sọ ẹ̀tọ́ yẹn nù.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mẹ́ta jẹ́ ti obìnrin tó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ọ̀kan ti asẹ́ HEPA.

Àfikún: owó 2020 wọlé lánàá. Kò pé. Wọ́n yọ owó ìjókòó tí mo yàn ṣáájú kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Mo ti kún un. Ó ń béèrè nọ́ńbà ìjókòó.