Ìkìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó ní kànga: ẹ ṣọ́ra fún oní-súmò tó ní òun á bá yín gbé ti àtijọ́ dànù

Ẹ̀yin ará Adó, ẹ̀yin ará Ìkéré, Ìyìn, Ifàkì àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fa omi kànga ní Ẹ̀kìtì yìí, ẹ gbọ́ o. Bí ẹnikẹ́ni bá dé ilé yín, tó ní súmò yín, ìyẹn pọ́ǹpù tí wọ́n ń rì sínú omi kànga, ti kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, tí kò tíì ṣí ìdérí kànga wo inú rẹ̀, ẹ lé e jáde. Ẹ má bu omi fún un mu. Ẹ má sì gún iyán fún un bíi tèmi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọmọ mi tó mọ̀ nípa òfin ní n ò gbọdọ̀ dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó fi ojú mi rí ni mo máa sọ, títí kan èyí tó ń tì mí lójú.

Bàsírì ni ilé mi wà. Kànga tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ni, ó ti pẹ́. Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí: ilẹ̀ pupa lókè, amọ̀ tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà òkúta. Ibi tí òkúta bá ti kọ̀ fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga ni wọ́n máa ń dúró sí. Inú amọ̀ yẹn ni omi ti ń sun. Nítorí náà ẹrẹ̀ á máa rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ò bá sì kó o, á máa ga sókè títí á fi bá ẹnu pọ́ǹpù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kànga tèmi gan-an nìyẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Nígbà náà ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ló máa ń bójú tó kànga yẹn, bàbá àwọn ọmọ sì ti lọ. Kí ni kí n ti mọ̀?

Òjò oṣù Ọ̀wàrà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Omi ń pupa láàárọ̀, tó bá yá a mọ́. Nígbà tó ṣe, kò mọ́ mọ́. Táǹkì tó máa ń kún kí n tó jẹun àárọ̀ tán wá ń pẹ́ dọ̀sán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo tan pọ́ǹpù, mò ń gbọ́ tó ń kùn nísàlẹ̀, omi kankan ò jáde. Àwọn ayálégbé mi ní ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹni tí kò bá tíì ra omi lọ́wọ́ àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri, kó tún ka iye kẹ́ẹ̀gì tó kù kó tó wẹ̀, kó má bi mí pé kí ló ń kán mi lójú.

Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin náà. Mi ò lọ mú un láàárín títì o! Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní pátákó, ó ní ọmọ iṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń fi èdè Ẹ̀kìtì kí mi, ó ń pè mí ní Màmá Tíṣà. Ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá mi orí. Ó ní, "Mọ́mì, kọ́ìlì, wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀, ti jó. Ọ́ìlì inú súmò ló ń tú jáde, òun ló ń da omi yín rú."

Ọ́ìlì! Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, tí mo máa ń da òróró sínú omi nínú kíláàsì kí wọ́n lè rí i pé orí omi ló ń léfòó sí! Ọ́ìlì á máa dán lójú omi ni, kì í sọ omi di ẹrẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀, mò ń sọ pé "ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, ó kàn ń yí i kiri ni, kò fi kan wáyà kankan. Kò ṣí kànga. Kò ju okùn síbẹ̀ kó mọ bí omi ṣe jìn tó. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ti rí kọ́ìlì tó jó nísàlẹ̀ kànga!

Ó ní ₦185,000 ni súmò tuntun, agbára 1 HP, wáyà kọ́pà pọ́ńbélé. Owó iṣẹ́ ₦25,000. Wáyà àti okùn ₦18,000. Mo ní kó dín in kù, ó ní torí pé ìyá òun ni mo jẹ́, òun á bá mi gbé èyí tó ti jó dànù, òun á sì yọ ₦5,000 nínú owó. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn o, "òun á bá mi gbé e dànù," torí orí rẹ̀ ni gbogbo olè yìí dúró lé. Ọmọ mi pè mí láti Ìbàdàn, ó ní kí n dúró kí òun délé lópin ọ̀sẹ̀. Mo ní ṣé ó rò pé mi ò lè dá ra pọ́ǹpù ni. Mo fi ₦223,000 ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fa ti àtijọ́ jáde, èmi ti wà nídìí odó. Iyán gidi ni mo gún, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi omi gbígbóná rò, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹran ìgbẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n fún òun ní ẹran kan sí i. Mo fún un!

Omi mọ́ gaara lọ́jọ́ náà. Mo fọ́nnu fún gbogbo àdúgbò. Ìgbà tí mò ń gbálẹ̀ lẹ́yìn kànga ni mo tó rí ọ̀rá tí wọ́n tẹ̀ mọ́ abẹ́ koríko, álọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí mò ń gún iyán ni wọ́n ń da álọ́ọ̀mù sínú kànga mi. Álọ́ọ̀mù á kó ẹrẹ̀ jọ, á jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀, ojú omi á mọ́ fúngbà díẹ̀. Kì í kó ẹrẹ̀ jáde. Bí pọ́ǹpù bá tún ti rú u, ó parí. Wọ́n sì so pọ́ǹpù "tuntun" náà síbi tí ti àtijọ́ wà gan-an, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sínú ẹrẹ̀.

Kò pẹ́ tí omi fi pupa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iyanrìn ń bọ́ nínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, bí mo bá ti tan pọ́ǹpù, bíréékà á já. Mo pè é. Ó ní, "Mọ́mì, iná NEPA yín ló jó o, wáráǹtì ò bo iná." Mo tún pè, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Mo fi fóònù ayálégbé mi pè é, ó gbé e kíá, ó gbọ́ ohùn mi, ó pa á. Ẹni tó jẹ iyán mi!

Ọmọ mi ló gbé pọ́ǹpù náà lọ bá bàbá kan tó ń wé kọ́ìlì ní Ìkéré. Bàbá yẹn fi èékánná ha ọ̀dà ara rẹ̀, ọ̀dà náà ṣí bí ìgbà téèyàn ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àmì "1 HP" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, a ká a kúrò, 0.37 kW ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, 1 HP ò gbọdọ̀ dín sí nǹkan bíi 0.75 kW. Ààbọ̀ ni wọ́n tà fún mi! Ó ṣí inú rẹ̀, ó fi abẹ ha wáyà kọ́ìlì, ó funfun báláú. Alumíníọ̀mù ni, wọ́n kàn kun ún kó lè jọ kọ́pà. Iyanrìn sì ti jẹ abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ tó ń ti omi sókè, ó rí ṣákaṣàka. Abẹ̀bẹ̀ ọjà tuntun kì í rí bẹ́ẹ̀. Kànga ẹlòmíì ló ti jìyà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo wá bi bàbá náà pé kí ló ṣeé ṣe kó ṣe ti àtijọ́. Ó ní ṣé ó ń kùn? Mo ní ó ń kùn. Ṣé ó ń rùn bí ohun tó jó? Mo ní rárá. Ṣé bíréékà ń já? Mo ní kò já rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bó ṣe wù kó rí, kàpásítọ̀, nǹkan kékeré tó ń ran pọ́ǹpù lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí yí, ló lọ, tàbí kí iyanrìn há mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹ mọ iye tí kàpásítọ̀ jẹ́? Kò tó owó ẹran tí mo fi sínú ẹ̀fọ́ yẹn.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Etí irin tí a máa ń so okùn mọ́ lórí pọ́ǹpù mi àtijọ́ ti já nígbà kan, wẹ́dà kan ní Ajílòsùn ló bá bàbá àwọn ọmọ jó o padà. Ó jó o wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà, mo gbójú sókè, etí wíwọ́ yẹn ni mo rí lórí pẹpẹ. Wọ́n ti kun ún ní aláwọ̀ búlúù. Wọ́n kọ ₦140,000 sí i, wọ́n ní tòkunbọ̀ láti Ítálì ni. Pọ́ǹpù ọkọ mi!

Mo pariwo. Mo ní pọ́ǹpù mi nìyí. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní, "Ṣé pọ́ǹpù yín ní orúkọ ni, Mọ́mì?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí jáde, mo rò pé wọ́n fẹ́ gbè mí ni, wọ́n ní kí n má ba ọjà àwọn jẹ́. Ẹnì kan níbẹ̀ tún ní ọjọ́ orí ló ń ṣe mí. Mo yọ rìsíìtì mi jáde kí n fi hàn wọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi, "ọjà" ni ó kọ síbẹ̀. Ọjà, ₦223,000, ó tán. Kò sí orúkọ pọ́ǹpù, kò sí nọ́ńbà, kò sí nǹkan kan.

Nítorí náà, bí mo bá ní mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta pọ́ǹpù gbọ́ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi. Wọ́n ní àwọn olóòótọ́ wà láàárín wọn. Níbo? Níbo ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ là ń pe Ẹ̀kìtì, àbí ó ti yí padà ni? Àwọn kan ní èmi ni mo ya dìndìnrìn. Ó dáa. Ẹni tó ń ṣèké ńkọ́, òun ni ọlọ́gbọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tí bàbá Ìkéré sọ fún mi, torí orí ń fọ́ mi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn òjò nìkan ni omi ń pupa, ẹ wo ẹnu kànga àti ibi tí ríìngì, àwọn òrùka kọnkéré inú kànga, ti pàdé ara wọn. Àgbàrá ló ń wọlé, sìmẹ́ńtì lẹ nílò. Bó bá ń pupa nígbàkígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, ẹrẹ̀ ti ga: ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi wé gígùn okùn pọ́ǹpù. Ó yẹ kí ó tó mítà kan láàárín ìdí pọ́ǹpù àti ìsàlẹ̀ kànga, kí omi sì bo pọ́ǹpù dáadáa. Inú ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá ti fà, ni kí wọ́n kó ẹrẹ̀, kí wọ́n sì tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ oní-pẹtiróòlù sọ̀kalẹ̀ sínú kànga tí èèyàn máa wọ̀, èéfín rẹ̀ ń pani. Bí wọ́n bá so tuntun, kí wọ́n fi mítà wọn iná tó ń fà lójú yín: 1 HP á fa bíi 5 ámpìà sókè, bó bá jẹ́ 2 tàbí 3, ààbọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ta pọ́ǹpù orí ilẹ̀ fún yín, kò lè fa omi tó jìn ju mítà 7 tàbí 8 lọ, ohun yòówù kó wí. Nọ́ńbà ara pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì. Òfin FCCPA ti 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbè fún ẹni tí wọ́n bá ta ọjà tó lábùkù fún, ọmọ mi ti ń kọ ìwé sí FCCPC, àjọ tó ń mú òfin náà ṣẹ, ṣùgbọ́n wàhálà ni pẹ̀lú rìsíìtì tó kọ "ọjà."

Pọ́ǹpù àtijọ́ kì í jáde nílé o! Kó jó, kó má jó, ilé ni kó wà.

Bí ẹ bá rí súmò aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n ń pè ní tòkunbọ̀, tí etí rẹ̀ wọ́, tí àpá jíjó wà lára rẹ̀, ẹ má rà á, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo sì ń wá àwọn tó ń kó ẹrẹ̀ kànga ní agbègbè Bàsírì, kí ẹni tó bá mọ̀ wọ́n sọ fún mi. Ẹni tó ń kó ẹrẹ̀ nìkan ni mo ń wá o. Ẹni tó bá tún ń ta pọ́ǹpù mọ́ ọn, kó jókòó sílé rẹ̀.