Jẹnẹrétọ̀ ló ṣètò ọjọ́ mi: ọjọ́ mọ́kànlá ní ilé ìgbàlejò kan ní Abẹ́òkúta

Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ "iná wákàtí 24" sára ìpolówó ilé ìgbàlejò, ẹ tètè béèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Èmi ò béèrè. Mo ti san owó ọjọ́ mọ́kànlá, 22,000 náírà lálẹ́ kan, kí ọmọkùnrin tó wà ní rìsẹ́pṣọ̀n tó là á yé mi: "Àǹtí, aago méje alẹ́ sí méje àárọ̀ la máa ń tan jẹnẹrétọ̀. Lọ́sàn-án, tí NẸ́PÀ bá mú un wá, ẹ óò rí i. Àwọn àlejò wa kì í sáà sí nílé lọ́sàn-án."

Kò purọ́. Ìgbéyàwó ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn wá síbẹ̀. Wọ́n á kó gèlè àti aṣọ ẹbí wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á sùn, wọ́n á jáde láàárọ̀ Sátidé, ó di òru. Èmi ni mo gbé iṣẹ́ wá. Ìkẹjà ni mò ń gbé, lẹ́tà àwọn oníbàárà ni mo sì máa ń dá lóhùn fún iléeṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo rò pé bí mo bá gbé láptọ́ọ̀pù mi kúrò nínú ariwo Èkó, n ó máa ṣiṣẹ́, n ó sì máa rí ìlú wò.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò le rárá. Agége ni mo ti wọ reluwé, mo sì sọ̀ ní Ládẹ́rìn, ibùdó tí wọ́n fi Wọlé Ṣóyínká, ọmọ ìlú náà, sọ lórúkọ. Kò tó wákàtí méjì. Kìkì pé ibùdó náà jìnnà sí àárín ìlú, ẹ ó tún wọ mọ́tò mìíràn.

Yàrá mọ́, bẹ́ẹ̀dì dára, omi ń yọ. Tábìlì ni wàhálà. Èyí tí wọ́n fi ń kun àtíkè ni, dígí ńlá ló wà níwájú rẹ̀, nítorí náà nígbàkígbà tí mo bá gbójú sókè níbi iṣẹ́, èmi àti ara mi là ń wo ara wa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi sí. Wi-Fi wọn kò kọjá rìsẹ́pṣọ̀n. Dátà fóònù mi ni mo fi ṣiṣẹ́: lẹ́bàá fèrèsé ó ń yára, lórí bẹ́ẹ̀dì ó ń wọ́.

Ọjọ́ méjì ni mo fi bínú, ní ọjọ́ kẹta mo gba kámú. Mò ń jí ní aago márùn-ún, mo ń dá àwọn lẹ́tà òru lóhùn kí wọ́n tó pa jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bátìrì wákàtí mẹ́rin ló kù, mo sì ń ṣọ́ ọ lò nítorí ìpàdé aago mẹ́wàá. Oṣù Kọkànlá ni, aago mẹ́sàn-án ti Lọ́ńdọ̀nù ni mẹ́wàá tiwa. Tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, láptọ́ọ̀pù ti kú, èmi náà sì ti jáde. Aago méje alẹ́, mo tún padà sídìí ẹ̀. Nílé mi ní Ìkẹjà, níbi tí ínfátà kì í jẹ́ kí iná lọ, mi ò rántí ìgbà tí mo fi odidi ọ̀sán ṣeré kẹ́yìn.

Mo gun Olúmọ, àtẹ̀gùn ni mo gbà. Lábẹ́ àpáta níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, afinimọ̀nà fi àwọn kòtò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan hàn wá lára òkúta. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó ń dán bí inú abọ́. Látòkè, òrùlé páànù tó ti pọ́n lọ salalu. Gbogbo èyí láti 1830 tí Ṣódẹkẹ́, aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá, ti kó wọn dé síbẹ̀!

Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, ni mo wá lọ jù. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ láàárín àdìrẹ gidi. Ní agbo ilé kan ní Kẹ́mta, mo jókòó ti ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya. Ó tẹ́ aṣọ funfun, ó ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún, ó ń fi í fa ìlà láì wo ìwé kankan. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, ẹ̀lú kò ní í mú un. Fóònù mi dún, ọ̀gá mi ló ń pè. Mo dìde lọ dá a lóhùn ní ìdí ògiri. Nígbà tí mo padà, màmá ní, "Ṣé ẹni yẹn kì í jẹ́ kí o sinmi ni?" Mo ní iṣẹ́ ni, Mà. Ó ní, "Èmi náà, iṣẹ́ ni. Àmọ́ bí òjò bá ṣú, mi ò lè sáṣọ."

Oúnjẹ ilé ìgbàlejò náà, ẹ gbàgbé ẹ̀; wákàtí kan ni mo fi dúró de ìrẹsì. Ẹ jáde lọ jẹ láfún àti ewédú. Alẹ́ ọjọ́ kẹfà, dísù jẹnẹrétọ̀ tán nígbà tí mo ní ìròyìn láti fi ránṣẹ́. Ibi ìjókòó hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn ni mo sá lọ, mo fi ìgò Maltina kan ṣoṣo jókòó wákàtí mẹ́ta.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ gba yàrá iwájú. Ti ẹ̀yìn kọjú sí jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ tí mò ń lọ, mo bẹ ẹni tó ni ilé náà pé kó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sẹ́bàá fèrèsé, kó sì yọ dígí yẹn kúrò. Ó ní ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, òun gbọ́. Ó wá wò mí tìyanu-tìyanu: "Dígí kẹ̀? Níbo ni wọ́n á ti wá máa wé gèlè?"