Ajagunfẹ̀yìntì Tí Ó Di Ọ̀jọ̀gbọ́n: Àyẹ̀wò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kan lórí Ìtàn Ẹ̀sìn

Àkójọ fídíò ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí. Orí ayélujára ni ènìyàn ti ń rà á, tí yóò sì máa wò ó ní àkókò tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí ó ń kọ́ni nínú rẹ̀ ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun kí ó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni ó gba yunifásítì lọ, tí òun àti àwọn tí ó tó bí lọ́mọ jọ jókòó nínú kíláàsì, tí ó kọ́ èdè Látìn àti Gíríìkì, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn ẹ̀sìn. Àwọn tí ó ń ta ẹ̀kọ́ náà gbé ìtàn yìí síwájú gan-an, wọ́n tilẹ̀ fi àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ ológun sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ara fu mí nígbà tí mo rí i, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìtàn ogun lásán ni wọ́n máa ń tà fún ni lábẹ́ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, tí wọn yóò kàn da ẹ̀wù ẹ̀sìn bò ó. Ní ibi tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yìí, kò rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó dára jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ dá lórí Constantine, olú-ọba Róòmù, àti ogun tí ó jà ní Afárá Milvian lẹ́bàá ìlú Róòmù ní ọdún 312. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn ìjọ díẹ̀ ti gbọ́ pé Constantine rí àmì kan láti ọ̀run kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò dá ni pé ẹnu àwọn tí ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ kò kò. Lactantius, òǹkọ̀wé Kristẹni kan tí kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ogun náà kí ó tó kọ tirẹ̀, sọ pé lójú àlá ni wọ́n ti pàṣẹ fún Constantine, ní òru tí ìjà yóò bẹ́ láàárọ̀ rẹ̀, pé kí ó fi àmì kan sára asà àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Eusebius, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ní tirẹ̀ kò mẹ́nu ba ìran kankan nínú ìtàn ìjọ tí ó kọ́kọ́ kọ. Ìgbà tí Constantine ti kú ní ọdún 337 ni ó tó kọ ọ́ sínú ìwé tí ó ṣe nípa ìgbésí ayé ọba náà pé àgbélébùú ìmọ́lẹ̀ yọ lókè oòrùn ní ojú ọ̀sán, àti pé gbogbo ọmọ ogun ni ó rí i. Ẹnubodè ìṣẹ́gun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Constantine ní Róòmù ní ọdún 315 kò ní ìran nínú rárá. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ kò ju pé ọlọ́run kan ni ó mí sí i, wọn kò sì dárúkọ ọlọ́run náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè tí ẹni tí ó ti kọ ìjábọ̀ ogun rí máa ń bi ìjábọ̀: Ta ni ó kọ ọ́? Ta ni ó kọ ọ́ sí? Báwo ni ó ti pẹ́ tó lẹ́yìn ìjà? Ipò wo ni ọ̀gá tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́? Ó ṣàlàyé bí ìjábọ̀ ṣe máa ń yí padà bí ó ti ń kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó wá béèrè ohun kan tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu òpìtàn kankan rí: tí ọ̀gá bá jí lóru tí ó sì ní kí wọ́n fi àmì sára asà gbogbo ọmọ ogun kí ilẹ̀ tó mọ́, níbo ni ọ̀dà yóò ti wá, àwọn wo ni kò ní sùn, irú àmì wo sì ni ọwọ́ ènìyàn lè yà lábẹ́ iná fìtílà láìjáfara? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àmì tí kò ju ìlà bíi mélòó kan lọ ṣeé ṣe, àti pé ìjábọ̀ Lactantius kò kọjá agbára ọmọ ogun gidi. Síbẹ̀, kò sọ pé àlá náà jẹ́ òtítọ́, kò sì sọ pé irọ́ ni. Ibi tí ẹ̀rí dúró sí ni òun náà dúró sí, mo sì gbóríyìn fún un nítorí èyí, pàápàá nítorí pé àwọn olùgbọ́ tí ó fẹ́ kí ó gbè sẹ́yìn apá kan kò níí ṣàì pọ̀.

Ẹ̀kọ́ kan lórí Ogun Àgbélébùú, èyí tí àwọn Kristẹni Yúróòpù bá àwọn Mùsùlùmí jà nítorí ilẹ̀ mímọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ omi láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sú mi. Ní oṣù Keje ọdún 1187, àwọn ọmọ ogun Kristẹni tí Guy, ọba Jerúsálẹ́mù, kó jáde fi ìsun omi Saffuriya sílẹ̀, wọ́n ń lọ gba ìlú Tìbéríà sílẹ̀ lọ́wọ́ Saladin, olórí àwọn Mùsùlùmí. Lórí máàpù tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, a rí bí àwọn ènìyàn Saladin ṣe dí ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Òkun Gálílì, bí òru ṣe ká àwọn tí ó ń bọ̀ mọ́ ibi tí omi kò sí, àti bí wọ́n ṣe dáná sun koríko gbígbẹ kí èéfín lè máa rọ́ lù wọ́n. Nígbà tí ọjọ́ kẹrin oṣù náà fi máa ṣú, kò sí ọmọ ogun náà mọ́. Òpìtàn ogun ìbá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ti wá mú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn ọmọ ogun náà gbé igi kan lọ sójú ogun tí wọ́n gbà pé ó wá láti ara àgbélébùú Jésù gan-an, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Acre ni ó sì wà nídìí rẹ̀. Wọ́n pa bíṣọ́ọ̀bù náà, igi náà bọ́ sọ́wọ́ Saladin, Jerúsálẹ́mù sì ṣubú ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Ní òpin oṣù yẹn, Póòpù Gregory Kẹjọ kọ ìwé ìpè sí àwọn Kristẹni, ó ní kí gbogbo wọn ronú pìwà dà, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fa àjálù náà kì í ṣe ti àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ mímọ́ nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ka ìwé yìí bí ẹni tí ó mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé iṣẹ́ ológun lẹ́yìn ìṣubú, nígbà tí oníkálùkù ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ó fi hàn pé póòpù gbé ẹ̀bi náà ka orí gbogbo Kristẹni, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò rí ojú ogun rí náà ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣe nípa rẹ̀. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání púpọ̀.

Mo rò pé tí ó bá dé orí Ignatius ti Loyola, yóò sọ ìtàn ara rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́: ọkùnrin tí ọta àgbá fọ́ lẹ́sẹ̀ ní Pamplona ní ọdún 1521, tí ó ka ìwé nípa Kristi àti àwọn ẹni mímọ́ lórí ibùsùn àìsàn, tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó lọ máa kọ́ Látìn pẹ̀lú àwọn ọmọdé ní Barcelona, tí póòpù sì fọwọ́ sí ẹgbẹ́ Jesuit tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1540. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rárá. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kìlọ̀ fún wa pé ọmọ ààfin ni Ignatius ju sójà lọ, àti pé àwọn tí ó ń fi ìwà ológun ṣàlàyé gbogbo ohun tí ó ṣe ń sáré jù.

Ó ṣeni láàánú pé òun náà kò rántí ìkìlọ̀ yìí nígbà tí ó dé orí Ìgbìmọ̀ Nicaea ti ọdún 325, níbi tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti jíròrò bóyá Jésù bá Ọlọ́run Baba dọ́gba. Bí ó ṣe sọ ọ́, olú-ọba pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ, wọ́n jókòó, wọ́n ṣe ìpinnu, àṣẹ jáde, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀rọ̀ náà kò parí. Constantine kan náà ni ó pe Arius, àlùfáà tí ìgbìmọ̀ náà dá lẹ́bi, padà láti ìgbèkùn, òun kan náà ni ó sì lé Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù tí ó ń gbèjà ìpinnu náà, lọ ní ọdún 335. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Athanasius lọ sí ìgbèkùn kí ó tó kú, àfi ìgbà tí ìgbìmọ̀ mìíràn tún jókòó ní Constantinople ní ọdún 381 kí ọ̀rọ̀ náà tó fìdí múlẹ̀ díẹ̀. Ìjọ kì í gba àṣẹ bí bàtálíọ̀nù ṣe ń gbà á, ẹni tí ó sì ti pàṣẹ rí ni ó yẹ kí èyí kọ́kọ́ yà lẹ́nu. Àlébù kan náà wà nínú ẹ̀kọ́ lórí Ogun Ọgbọ̀n Ọdún, láti 1618 sí 1648. A gbọ́ nípa owó oṣù tí àwọn ọmọ ogun kò rí gbà, a gbọ́ bí Faransé tí ó jẹ́ ti Kátólíìkì ṣe gbè sẹ́yìn Sweden tí ó jẹ́ ti Pùròtẹ́sítáǹtì, ṣùgbọ́n àdúrà tí àwọn ará abúlé ń gbà nígbà tí àwọn ọmọ ogun wọnyí ń kó oúnjẹ wọn lọ kò sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú gbogbo àkójọ náà. Ezana ọba Aksum ní agbègbè Ethiopia, tí ó gba ẹ̀sìn Kristẹni ní ọ̀rúndún kẹrin, tí ó sì yọ àmì òṣùpá kúrò lára owó rẹ̀ láti fi àgbélébùú rọ́pò rẹ̀, rí ìṣẹ́jú bíi mélòó kan gbà níbi tí Constantine ti gba odindi ẹ̀kọ́.

Ní ti bí wọ́n ṣe ṣe fídíò náà, ohùn dún ketekete, àwọn máàpù sì dára ju ti ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kì í fi àwàdà fàkókò ṣòfò. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ fídíò ni kò dára, pàápàá níbi tí orúkọ Gíríìkì àti ti Lárúbáwá bá ti jẹ yọ, ó sì hàn pé ẹ̀rọ ni wọ́n jẹ́ kí ó kọ wọ́n láìsí ẹni tí ó yẹ̀ wọ́n wò. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kúrú jù, nítorí náà kí ẹ ní ìwé àti bírò lọ́wọ́. Mo fi ìbéèrè ránṣẹ́ nípa Nicaea, ìdáhùn tí mo rí gbà kò ju pé kí n tún fídíò náà wò.

Tí ẹ bá rà á, ẹ fo ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, tí ó kàn jẹ́ ìfihàn ara ẹni, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Constantine. Tí ẹ bá dé Nicaea, ẹ wá ìwé mìíràn kà mọ́ ọn.