A lọ wo dọ́fíìnì ní Zanzibar: ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó mú wa láti Ifẹ̀ lọ

Ọmọ dọ́fíìnì kan ló mú mi kọ èyí. Kò gùn ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ó lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ níhà, ọkọ̀ ojú omi mẹ́sàn-án yí wọn ká ní Kizimkazi, abúlé etí òkun ní Zanzibar, gbogbo ẹ́ńjìnnì ń bú. Ẹran inú òkun tó ń fọ́mọ lọ́mú ni dọ́fíìnì, kò lè mí lábẹ́ omi bí ẹja. Bí wọ́n bá ti yọrí láti mí báyìí, ọkọ̀ á tún gbá tẹ̀ lé wọn. Awakọ̀ tiwa ń pariwo pé ká bẹ́ sómi lé wọn lórí! Ara mi ń gbọ̀n. Àfi bí màámi, ẹni ọdún 68, ọmọ Iléṣà pọ́ńbélé, ṣe dìde nínú ọkọ̀ tó figbe ta: “Abiyamọ ni! Ẹ fi í sílẹ̀!”

Ẹ̀bá Mayfair ní Ifẹ̀ níbí ni ọ́fíìsì tó ṣètò ìrìnàjò wa wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bóyá owó kan tún kù. Ó ní, “Àǹtí, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀.” A dé pápákọ̀ òfurufú Zanzibar, wọ́n ní ìwé adójútòfò wa dà? Dọ́là 44 lórí àlejò kọ̀ọ̀kan, òfin tó ti wà láti Oṣù Kẹwàá 2024. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo pe ọmọbìnrin ọ́fíìsì yẹn, ẹ̀ẹ̀kẹfà ló tó gbé e: “Ẹ má bínú, Àǹtí, ó fò mí ni.” Ó fò ọ́ kẹ̀? Iṣẹ́ ẹ nìyẹn!

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn ṣá. Òtẹ́ẹ̀lì mọ́ tónítóní, ẹni tó wá gbé wa nídàájí sì ti gbé omi gbígbóná tí màámi fi ń lo oògùn dání.

Awakọ̀ ọkọ̀ ojú omi yẹn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ igbe ìyá. Ó wo màámi, ó rọra wa ọkọ̀ kúrò láàárín àwọn yòókù, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní “pomboo” ni àwọn ń pe dọ́fíìnì, pé bàbá òun a máa pa wọ́n fi ṣe ìjẹ àkùrákudà kí àlejò tó máa wá wò wọ́n. A dákẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ni mo bá gbọ́ “fíìn”, bí ìgbà tí wọ́n tú atẹ́gùn táyà. Mẹ́rin ni wọ́n, tìyátọmọ. Wọ́n sún mọ́ wa débi pé mo rí ihò ìmí tó wà lórí wọn, tó ń ṣí, tó ń pa dé bí ẹnu ọmọ ìkókó. Ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fojú kan wò wá. Màámi na ọwọ́ méjèèjì sí i: “Ìyá ọmọ, o kú ewu o.” Mo sunkún.

Nígbà tá a dé Ifẹ̀, ọ̀gá wọn gbé àga fún màámi, ó ra mínírà, ó gbọ́ ẹjọ́ wa dópin, ó ní àwọn ò ní lo awakọ̀ tó ń lé ẹran kiri mọ́. Lórí dọ́là, ó ní òun á pè mí. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Màámi ní kí n fún wọn ní márààrún, ṣùgbọ́n dọ́là 88 wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn.