Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ra Jákẹ́ẹ̀tì Awọ A-2: Lébẹ̀lì Lásán Ni Wọ́n Ń Tà fún Wa

Ẹ̀yin ará tí ẹ fẹ́ràn jákẹ́ẹ̀tì awọ àwọn awakọ̀ òfurufú ológun, mo ń kọ ìkìlọ̀ yìí nítorí pé owó tèmi ti lọ, n kò sì fẹ́ kí ti ẹlòmíràn tẹ̀lé e. Ọkùnrin kan wà ní ìlú London níbí tó ń polówó jákẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń pè é ní ojúlówó A-2 tí wọ́n rán ní ọdún 1942. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé léraléra ló ń pa orúkọ dà, ẹni tó bá sì ń ṣọ́ orúkọ nìkan yóò tún kó sí i lọ́wọ́ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ọgbọ́n tó fi ń lu jìbìtì ni kí ẹ dá mọ̀.

Nígbà tí mo kọ̀wé béèrè nípa ọjà náà, ó dá mi lóhùn pé awakọ̀ òfurufú RAF (ìyẹn ọmọ ogun òfurufú Britain) kan tó jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ni í nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àti pé àwọn ẹbí olóògbé náà ló tà á fún òun. Ó ti rí orúkọ mi, ó sì ti mọ ibi tí yóò ti mú mi. Ọkàn mi lọ tààrà sọ́dọ̀ Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó tó gba oyè ọ́fíísà nínú RAF ní ọdún 1942, nígbà tí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kankan kò tíì débẹ̀, tó sì kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní 1945. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Mo fi 850 pọ́n-ùn ránṣẹ́ láti báǹkì.

Ká ní mo fara balẹ̀ ni, ìtàn yẹn gan-an ì bá ti tú àṣírí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ló ni A-2, kì í ṣe RAF. Ohun tí RAF fún àwọn awakọ̀ tirẹ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì Irvin, èyí tí wọ́n fi awọ àgùntàn tí irun rẹ̀ kọjú sínú rán, tí ilé-iṣẹ́ Leslie Irvin ní Letchworth bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Amẹ́ríkà ṣe pàṣípààrọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe pé kí àwa gbé e mì bí ọkà.

Nígbà tí ẹrù náà dé, òórùn rọ́bà ló kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀. Lébẹ̀lì ọrùn rẹ̀ dára púpọ̀: Rough Wear Clothing Co., Middletown, Pennsylvania, ilé-iṣẹ́ kan tó rán A-2 nígbà ogun, pẹ̀lú nọ́ńbà 30-1415 tó jẹ́ nọ́ńbà àwòrán iṣẹ́ A-2 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lébẹ̀lì ló rọrùn jù lọ láti ṣe ayédèrú nínú gbogbo ohun tó wà lára jákẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìránṣọ lè ra lébẹ̀lì tuntun tí wọ́n fi òwú hun bíi ti àtijọ́, kó sì rán an mọ́ ọrùn èyíkéyìí tó bá wù ú. Nítorí náà, ìkẹyìn ni kí ẹ máa wo lébẹ̀lì.

Àpò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àpò méjì tí A-2 ogun ní, láti òkè nìkan ni wọ́n ti ń ṣí, ìdérí kọ̀ọ̀kan sì ní bọ́tìnì onírin tí a ń tẹ̀. Kò sí ẹnu kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ènìyàn lè ti ọwọ́ bọ̀ nígbà òtútù. Àwọn tó ń rán an fún ọjà òde òní ló fi ìyẹn kún un. Èyí tí mo rà ní i lọ́tùn-ún lósì. Ẹ yí i sẹ́yìn: odindi awọ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀yìn A-2, láìsí ojú ìrán tó gba àárín kọjá. Kọ́là rẹ̀ awọ lásán ni, kò ní irun. Bí ẹnikẹ́ni bá fi èyí tó ní kọ́là onírun hàn yín pé A-2 ni, ó ti dà á pọ̀ mọ́ jákẹ́ẹ̀tì ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ìyẹn M-422A àti G-1 tó tẹ̀lé e, tí awọ ewúrẹ́ àti kọ́là irun àgùntàn jẹ́ àmì wọn.

Síìpù náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Orúkọ ilé-iṣẹ́ síìpù Talon, Crown àti Conmar ni ẹ óò sábà rí lára ti ìgbà ogun. Síìpù YKK, ti ilé-iṣẹ́ Japan, lára ohun tí wọ́n pè ní ti 1942 yẹ kó mú yín béèrè ọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò fi dandan sọ jákẹ́ẹ̀tì di ayédèrú, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn ojúlówó ni wọ́n ti pààrọ̀ síìpù wọn láti ọgọ́rin ọdún wá. Olóòótọ́ oníṣòwò yóò sọ fún yín pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún fetí sí ọdún tí wọ́n bá dá: oṣù karùn-ún ọdún 1931 ni wọ́n fọwọ́ sí A-2, ní 1943 ni Ọ̀gágun Arnold, olórí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, dá a dúró nítorí pé jákẹ́ẹ̀tì aṣọ ló fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kò sì padà sọ́wọ́ àwọn ológun títí di 1988, nígbà tó padà wá pẹ̀lú awọ ewúrẹ́. Ẹni tó bá sọ pé A-2 ológun tòun jẹ́ ti 1951 tàbí 1965, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ní ti awọ, ibẹ̀ ni owó wà, ibẹ̀ náà ni irọ́ ti pọ̀ jù. Awọ ẹṣin ni wọ́n fi rán púpọ̀ nínú A-2 ìgbà ogun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a rí èyí tó jẹ́ awọ ewúrẹ́ náà. Ojú awọ ẹṣin máa ń jọ̀lọ̀, ihò irun rẹ̀ kéré, ó sì máa ń dán díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń wọ̀ ọ́. Ti ewúrẹ́ ní kókó wẹ́wẹ́ lójú, ó fúyẹ́, ó sì lágbára ju bí ó ti rí lójú lọ. Ẹni tó bá ti mú àpò awọ Kánò lọ́wọ́ rí yóò mọ̀ ọ́n láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. (Awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó náà ni wọ́n ń gbé gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láyé àtijọ́, tí àwọn Òyìnbó wá ń pè é ní awọ Mòrókò.) Ohun tí àwọn oníjìbìtì ń ṣe ni pé wọ́n ń tẹ awọ màlúù lábẹ́ ẹ̀rọ kó lè ní kókó bíi ti ewúrẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn kókó náà yóò máa tún ara wọn ṣe ní ìwọ̀n kan náà bí aṣọ àdìrẹ onípátánù, awọ ẹran kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti awọ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú àpò, kí ẹ wá etí awọ tí wọn kò ká: bí ẹ bá rí aṣọ lábẹ́ rẹ̀ dípò ẹ̀yìn awọ tó rí ṣákiṣàki, ẹ ti mọ ohun tí ẹ rà. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí. Ọ̀rọ̀ “Genuine Leather” tó wà lára rẹ̀ kò sọ fún ènìyàn irú ẹran tó jẹ́, kò sì sọ bó ti dára tó.

Kì í ṣe pé gbogbo A-2 tuntun burú. Eastman ní Devon, Aero Leather ní Galashiels ní Scotland, Good Wear ní Amẹ́ríkà, àti The Real McCoy’s àti Buzz Rickson’s ní Japan ń rán ẹ̀dà tó ń tẹ̀lé ti ìgbà ogun, wọ́n sì ń sọ gbangba pé ẹ̀dà ni. Wọ́n wọ́n gan-an. Púpọ̀ nínú wọn ń súnmọ́ ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn tàbí kí wọ́n kọjá rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀dà Eastman tí ẹnì kan ti wọ̀ sàn ju “ojúlówó” tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ihò kan wà níbẹ̀: àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí náà ń rán lébẹ̀lì àwọn àtijọ́ mọ́ iṣẹ́ wọn. Ní ti Aero, ó tún le sí i, torí pé Aero Leather Clothing Co. tó ránṣọ fún ogun, Beacon ní ìpínlẹ̀ New York ló wà, tí ti Scotland sì wá gba orúkọ yẹn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun. Ẹni tí kò ṣe olóòótọ́ lè ra ẹ̀dà láti Scotland, kó wọ̀ ọ́ gbó díẹ̀, kó sì tà á fún yín ní ti 1942.

Nípa owó, ẹ má ṣe ṣe bí mo ti ṣe. Owó tí mo fi báǹkì ránṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ní Britain níbí, bí ẹ bá fi kírẹ́díìtì káàdì san owó tààrà fún oníṣòwò, tí iye ọjà náà ju 100 pọ́n-ùn lọ tí kò sì ju 30,000 lọ, abala 75 òfin Consumer Credit Act ti 1974 fún yín láyè láti béèrè owó náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó fún yín ní káàdì. Ẹni tó bá ní kí ẹ san án lórí PayPal bí ìgbà tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, ààbò tí PayPal fi ń gba oníbàárà sílẹ̀ ló fẹ́ kí ẹ yọ kúrò. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè àwòrán inú àpò, ti ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì àti ti síìpù tí wọ́n yà nítòsí. Mo béèrè fún wọn lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Lébẹ̀lì nìkan ló tún yà ránṣẹ́ sí mi, ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Mo kọ̀wé sí i lẹ́yìn náà pé RAF kò fún ẹnikẹ́ni ní A-2. Kò fèsì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìpolówó mìíràn lábẹ́ orúkọ tuntun, pẹ̀lú lébẹ̀lì Rough Wear kan náà, ṣùgbọ́n awakọ̀ òfurufú aláwọ̀ dúdú láti Tuskegee ní Alabama, níbi tí Amẹ́ríkà ti kọ́ àwọn awakọ̀ ológun aláwọ̀ dúdú rẹ̀ nígbà ogun, ló wá di ẹni tó ni í báyìí, èyí tó bá A-2 mu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti tún ìtàn rẹ̀ ṣe. Jákẹ́ẹ̀tì ni kò tún ṣe: nínú àwòrán kẹta, ẹnu àpò ẹ̀gbẹ́ náà ṣì hàn gbangba.