Mini àtijọ́ àbí MINI tuntun: ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó sanwó

Ọjọ́ tí mo gbé Mini mi délé, ẹ́ńjìnnì ò tíì kú tán tí mo ti ń ya fọ́tò. Mini 1000 ti ọdún 1980, ó ń dán bí ẹyin. Bọ̀dá kan wà lójúlé kejì sí wa níbí ní South London, iṣẹ́ panẹ́bítà ni wọ́n ń ṣe n'Íbàdàn kí wọ́n tó wá síbí, wọ́n jáde wá bá mi yọ̀. Wọ́n yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi kókó ìka kan irin abẹ́ ilẹ̀kùn, kò-kò-kò, ó dún bí irin. Wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n tún kàn án, ó dún pọ̀-pọ̀ bíi pákó tútù. "Àbúrò, èyí kì í ṣe irin o. Bọ́dì fílà ni wọ́n fi rẹ́ ẹ bí ẹni rẹ́ ògiri." Ẹni tó tà á fún mi sì ti búra pé wọn ò jó irin kankan mọ́ ọn rí. Òótọ́ ló sọ ṣá, wọn ò jó o, wọ́n rẹ́ ẹ ni.

Látìgbà yẹn, ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo ní Mini, ìbéèrè kan náà ló máa bi mí: ṣé kí n ra ti àtijọ́ ni àbí èyí tí BMW ń ṣe? Mo mọ méjèèjì torí pé màmá àwọn ọmọ ń wa tuntun, èmi ń wa àtijọ́, iwájú ilé kan náà la ń páàkì wọn sí. Èsì mi ò gùn: ara ló ń pa ti àtijọ́, inú ló ń pa tuntun. Àìsàn ti àtijọ́, ẹ lè fojú rí i, ẹ lè fi ìka kàn án, irin tó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ ni. Ti tuntun, ara á máa dán gbinrin, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan ń jẹ ẹ́ nínú àfìgbà tó bá dákú síbì kan, tí mẹkáníìkì wá ń dá iye tó máa gbà lé yín lórí.

Epo ló bí ti àtijọ́

Lọ́dún 1956 tí wàhálà Suez bẹ́ sílẹ̀ ní Íjíbítì, epo dohun ọ̀wọ́n nílùú ọba, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wọn epo fáwọn onímọ́tò látìparí ọdún yẹn wọ 1957, làwọn èèyàn bá ń ra àwọn mọ́tò pín-ín-pín-ìn ilẹ̀ Jámánì tó rí roboto bí ẹyin, táwọn míì ò tiẹ̀ ju táyà mẹ́ta lọ. Leonard Lord tó jẹ́ ọ̀gá BMC, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò Austin àti Morris nígbà yẹn, ò fẹ́ẹ́ rí wọn sójú rárá, ló bá ní kí Alec Issigonis ya mọ́tò kékeré tó máa jẹ́ mọ́tò gidi. Issigonis, tí wọ́n bí sí Smyrna, ìlú tó ti di Izmir báyìí, gbé ẹ́ńjìnnì náà dábùú, ó ti gíà bọ abẹ́ ẹ̀ kí méjèèjì jọ máa mu ọ́ìlì kan náà, ó sì gbé táyà tí rímù ẹ̀ ò ju íńṣì 10 lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo gígùn mọ́tò náà ò ju 3.05 m lọ, síbẹ̀ nǹkan bí 80 nínú 100 ilẹ̀ ẹ̀ ló jẹ́ ti èèyàn àti ẹrù. Níbi tí sípíríìnì ì bá wà, rọ́bà ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Alex Moulton. 26 August 1959 ló jáde, orúkọ méjì ló sì fi jáde, Austin Seven àti Morris Mini-Minor, owó ẹ̀ ò pé £500. Ìgbà tí wọ́n fi máa ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Longbridge, October 2000, wọ́n ti ṣe 5,387,862.

Mi ò kàn ń pìtàn o, nǹkan tí bàbá yẹn ṣe ní 1959 lẹ máa bá pàdé nílé yín. Torí pé ẹ́ńjìnnì àti gíà jọ ń mu ọ́ìlì kan, ọ́ìlì náà tètè ń bàjẹ́, èmi máa ń pa á dà ní 3,000 máìlì, ẹni tó bá ní "á ṣì gbé e díẹ̀ sí i" ń fi gíà ẹ̀ ṣeré ni. Tẹ́ ẹ bá ń wa á wò, ẹ gbé e sí gíà kẹta kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìkejì kíákíá, tó bá ké garara, ìyẹn ti ń béèrè owó. Torí pé ẹ́ńjìnnì sì dábùú, dístríbútọ̀ ẹ̀, ohun tó ń pín iná fáwọn pọ́lọ́ọ̀gì, kọjú síta gan-an lẹ́yìn gíríìlì. Rọ́bà kan wà tó yẹ kó máa bò ó, èmi ọlọ́gbọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, mi ò dá a padà. Òjò wá ká mi mọ́ orí ọ̀nà A2, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí ẹni tí gààrí há lọ́fun, ó kú síbẹ̀. Mo jókòó sínú ẹ̀ títí òjò fi dá, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi áńkáṣíìfù nu inú ìdérí dístríbútọ̀ gbẹ, mo tanná sí i, ó jí. Áńkáṣíìfù o! Kò sí èyí tẹ́ ẹ lè fi áńkáṣíìfù tún ṣe nínú tuntun.

Ẹ kọ́kọ́ wo irin, ẹ́ńjìnnì lè dúró

Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ lẹ fẹ́ rà, ẹ́ńjìnnì kì í ṣe wàhálà yín, A-series, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ò ṣòroó tún ṣe, mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ á tú u palẹ̀ á sì tò ó padà. Irin ni. Ẹ mú máńgínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ kan wé e kẹ́ ẹ má ha ọ̀dà olóhun, ẹ máa fi kan ara mọ́tò: ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, fílà ló wà níbẹ̀. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní síìlì, tòótọ́ ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá rí i tó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ti fi irin tuntun bo jíjẹrà mọ́lẹ̀, ìyẹn sì burú ju ihò gbangba lọ torí ìsàlẹ̀ ṣì ń jẹrà lọ. Inú búùtù ni bátìrì wà, ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì. Férémù ẹ̀yìn tó gbé táyà méjèèjì dání máa ń dógùn-ún títí ẹ ó fi lè fi sikirudíráfà gún un wọlé. Èmi ò ṣe ìkankan nínú gbogbo eléyìí, ọ̀dà ni mò ń wò.

Nǹkan kan wà tó gbé ti àtijọ́ ga ṣá: kò sí pátì tẹ́ ẹ máa wá tì. Gbogbo irin ara ẹ̀, títí dé odindi bọ́dì tuntun, British Motor Heritage ní Witney ṣì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Bọ̀dá mi yẹn ló gé síìlì méjèèjì kúrò, a ra tuntun, wọ́n jó o mọ́ ọn ní Sátidé mẹ́ta. Wọn ò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rírò ìyàwó mi ni wọ́n ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ Cooper, Mini eléré ìje, ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra gidi. Ní 1964, 1965 àti 1967, Cooper S ló gba eré ìje mọ́tò Monte Carlo Rally, ti 1966 náà ìbá jẹ́ tiwọn tí kì í bá ṣe pé wọ́n yọ wọ́n kúrò nítorí iná iwájú, látìgbà náà ni orúkọ yẹn ti ń fi owó lé owó. Ọ̀pọ̀ Mini lásán ti di Cooper lọ́wọ́ àwọn èèyàn, báàjì àti ọ̀dà funfun lórí rúùfù, ó parí. Ẹ má fi ojú mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gbé ìwé ẹ̀rí tí British Motor Museum ní Gaydon máa ń fúnni jáde, èyí tó ń sọ bí mọ́tò náà ṣe jáde ní fáktírì. Tí ò bá ní, iye Mini lásán ni kẹ́ ẹ san.

Tuntun: ó wà lọ́wọ́ ọdún tẹ́ ẹ bá rà

BMW ra Rover, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Mini nígbà náà, ní 1994, ó jù ú sílẹ̀ ní 2000, ṣùgbọ́n kò jù orúkọ Mini sílẹ̀. Cowley lẹ́bàá Oxford, tí Morris ti ń ṣe ti àtijọ́ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tuntun ní 2001. Ìran mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí, kọ́ọ̀dù wọn sì ṣe pàtàkì ju ọ̀dà lọ.

R50 àti R53 ti àkọ́kọ́, Brazil ni wọ́n ti ń kó ẹ́ńjìnnì wọn wá, Campo Largo ní ìpínlẹ̀ Paraná, ẹ́ńjìnnì tó lágídí dáadáa. Gíà oníkọ̀ márùn-ún tó wà nínú R50, ìyẹn One àti Cooper, ṣáájú 2004 ni kẹ́ ẹ fetí sí, bíárìn ẹ̀ máa ń lọ, á máa hu bí ìjì. Pọ́ǹpù stíárìn náà máa ń gbóná. R53 ni Cooper S tó ní súpáṣájà, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i, gíà ẹ̀ oníkọ̀ mẹ́fà sì dára jù, ohùn súpáṣájà yẹn nìkan tó owó. Nínú gbogbo tuntun, òun lọkàn mi yàn.

R56 tó dé lópin 2006, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ "inú ló ń pa á" ti wá. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá Peugeot jọ ṣe ni. Cooper S ṣáájú 2010 ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù: ohun tó ń fa ṣéènì tàìmíìnì le máa ń dẹ̀, ṣéènì á wá máa gbá kára-kára láàárọ̀, tónítọ̀hún ò bá sì máa wo ọ́ìlì, tí ẹ́ńjìnnì yẹn sì máa ń mu ọ́ìlì, ó ti tán nìyẹn. Èédú tún máa ń lẹ̀ mọ́ fáàfù, èèpo walnut lílọ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́ sí i láti fi ha á kúrò. Àwọn tó jáde lẹ́yìn àtúnṣe 2010 sàn, síbẹ̀ tí kò bá níwèé pé wọ́n ń sáfíìsì ẹ̀ déédéé, ẹ kọjá lára ẹ̀.

F56, tí wọ́n ṣe láti 2014 sí 2024, ẹ́ńjìnnì BMW fúnra ẹ̀ ni, oníṣílíńdà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òun ni màmá àwọn ọmọ ń wà. Mọ́tò gidi ni, kí n má purọ́. Ó gùn tó 3.82 m o, tí mo bá páàkì ti èmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣe ló dà bíi pé ó bí i ni, ọmọ wá dàgbà ju ìyá lọ. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé pẹ̀lú gbogbo bó ṣe tóbi tó, àwọn tó jókòó sẹ́yìn ṣì ń ká orúnkún mọ́ àyà.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù lè yàn fún yín

Láti 29 August 2023, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ti wọ ULEZ, àgbègbè tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín ẹ̀ pọ̀ jù, £12.50 lójúmọ́ ni fún mọ́tò tí kò yẹ. Ibi tó yani lẹ́nu wà níbí: Mini tó ti lé ní 40 ọdún, tó wà nínú ìwé DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, bíi mọ́tò àtayébáyé, kì í san kọ́bọ̀ ULEZ, kì í san owó ojú ọ̀nà, òfin ò sì ní kó ṣe MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, mọ́ tí wọn ò bá ti yí i padà jù. Ṣùgbọ́n Mini tí wọ́n ṣe láàárín 1990 sí 2000, èyí táwọn kan nínú ẹ̀ tiẹ̀ ní ínjẹ́kṣọ̀n, tàwọn ti 1996 síwájú ní áábáàgì, òun ló máa san. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tó bá ra èyí láti máa fi lọ síbi iṣẹ́ ti fi owó dáná. Àwọn tuntun onípẹtiróò, ọ̀pọ̀ ló yẹ, ẹ kàn tẹ nọ́ńbà wọn sórí sáìtì TfL, àjọ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, kẹ́ ẹ tó lọ wò wọ́n. MOT tí wọ́n ní ẹ má ṣe yẹn, ẹ ṣe é jàre, ọdọọdún ni mo ń gbé tèmi lọ.

Epo tún kù: láti September 2021, E10, epo tí ethanol inú ẹ̀ lè tó 10 nínú 100, ni pẹtiróò lásán níbí, ó máa ń jẹ rọ́bà inú ti àtijọ́, E5 tí ethanol ẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì wọ́n, ni kẹ́ ẹ máa rà fún un. Ẹni tó bá sì ń ronú àtigbé èyíkéyìí lọ sílé, stíárìn ọ̀tún ni wọ́n, Nàìjíríà sì ti kúrò ní títẹ̀lé ọwọ́ òsì láti 2 April 1972. Ẹ fi í sílẹ̀ síbí.

Tó bá jẹ́ mọ́tò kan ṣoṣo lẹ máa ní, tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń jókòó sórí síìtì ọmọdé, F56 ni, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ti àtijọ́ ò ní ABS, ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, lórí mọ́tówéè ní 70 máìlì ní wákàtí kan ẹ ó máa pariwo kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò míì nílé, àti ibi tó ní òrùlé láti gbé e sí, pẹ̀lú ẹnì kan tó mọ irin jó, kò sí ohun tó dùn ún wà tó o káàkiri ìgboro. Kò tó 700 kg, stíárìn ẹ̀ kò ní pawà kankan, ẹ ṣáà ti yí ọwọ́ díẹ̀, ó ti yà.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ lọ wò nínú méjèèjì, ẹ pè kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ní kí wọ́n má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rárá títí ẹ ó fi dé. Òtútù ni ti àtijọ́ fi ń tú èéfín búlúù, òtútù náà ni ṣéènì R56 fi ń gbá. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá bá a tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ní ẹ ń bọ̀ lọ́la.