Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ àbí kóòtù òjò lórí súwẹ́tà: èwo ni kí ọlọ́kadà rà fún òtútù?

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìbéèrè yìí máa ń gbòde ní Ìkòròdú: nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lápá ìparí oṣù kọkànlá, àti nígbà tí òjò oṣù keje bá ń rọ láti òru mọ́jú. Ẹni tó ń ná Sábó sí Odògúnyán nìkan lè má kà á sí. Àmọ́ ẹ gbéra ní Ìmọ̀tà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ kọjú sí Ìtòìkín, kí atẹ́gùn orí omi pàdé yín níbi tí kò sí ilé tó máa dí i, ẹ ó mọ̀ pé òtútù Èkó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo ti wọ aláwọ, mo ti wọ kóòtù òjò lórí súwẹ́tà, nínú ọyẹ́ àti nínú òjò. Mi ò ta ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá jà. Ara èèyàn gbóná tó nǹkan bí 37°C, ó sì máa ń mú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó so mọ́ ọn gbóná. Afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ló ń bò wá. Tí ọ̀kadà bá ti ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí, atẹ́gùn á máa gbá a lọ, ara á máa wá òmíràn, kò ní í pẹ́ tí àyà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Iṣẹ́ méjì ni aṣọ òtútù ní nígbà náà: kó ti atẹ́gùn mọ́ta, kó sì há afẹ́fẹ́ gbígbóná mọ́nú. Awọ mọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tí aṣọ inú rẹ̀ kò bá nípọn, èkejì kò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Súwẹ́tà mọ èkejì, atẹ́gùn sì ń gba ojú òwú rẹ̀ kọjá. Kóòtù òjò nìkan á ti atẹ́gùn, àmọ́ ọ̀rá rẹ̀ á tutù mọ́ yín lára. Ẹ fi kóòtù bo súwẹ́tà, iṣẹ́ méjèèjì ti pé nìyẹn.

Ní ti síìpù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Tí ìyá oníọ̀kírìkà bá gbé jákẹ́ẹ̀tì aláwọ sókè lọ́jà, dídán awọ ni ojú gbogbo wa ń lọ, àti bó ṣe bá èjìká mu. Síìpù ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. Awọ màlúù gidi ni tèmi, kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀, títí dòní awọ yẹn ò bó. Síìpù rẹ̀ ló jẹ owó mi. Orí síìpù ló kọ́kọ́ fẹ̀: mo bá fà á dókè ọrùn, eyín rẹ̀ á tún ṣí sílẹ̀ láàárín àyà kí n tó dé Àgbówà. Ojú tó ṣí níwájú àyà kò ní láti tóbi. Tó bá ti gba ìka mẹ́ta, atẹ́gùn á wọlé, á wú ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì, gbogbo ooru tó wà nínú rẹ̀ á gba ọrùn jáde. Bí awọ ọ̀hún ṣe wọ́n tó kò já mọ́ nǹkan kan mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo fi púláyà fún orí síìpù náà pa, ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé e fún télọ̀ pé kó pààrọ̀ síìpù. Abẹ́rẹ́ aṣọ ni maṣíìnì rẹ̀ ń lò, kì í ṣe abẹ́rẹ́ awọ, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í fo. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ṣúmékà, òun rán an le, àmọ́ ó lu ihò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ihò abẹ́rẹ́ lára ànkárá, tí ẹ bá fọ̀ ọ́, á pa dé. Ti awọ kì í pa dé láéláé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú síìpù, tí ẹ tún rán òmíràn, ńṣe ni etí awọ ń di oníhò sí i, títí á fi ya lójú ìlà yẹn. Nígbà tí mo tún gbé e padà, ṣúmékà yẹn tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò sí ibi tí mo lè rán nǹkan sí mọ́ o. Ihò ti jẹ ibẹ̀ tán.” Owó síìpù, owó iṣẹ́, owó síìpù, owó iṣẹ́. Ẹ ròó pọ̀ mọ́ iye tí ẹ fi ra jákẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan á ní kí ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, kí síìpù lọ sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó rọ̀. Pẹ̀lú awọ, ọrùn á máa fún yín, apá ò sì ní nà dé ọwọ́ ọ̀kadà dáadáa.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ aláwọ lẹ fẹ́, ẹ ṣí síìpù rẹ̀, kí ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń gun ọ̀kadà, kí ẹ wò bóyá eyín rẹ̀ ń ṣí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí a ti ń ki ẹ̀gbẹ́ kan bọ èkejì, torí ibẹ̀ ló tètè ń gé. Ẹ wò ó bóyá aṣọ pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn síìpù tó dí ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀. Tí ẹ bá ti rà á, ẹ máa fi àbẹ́là pa eyín síìpù nígbà ọyẹ́, kí eruku má jẹ ẹ́.

Kóòtù òjò tó dáa ní síìpù àti bọ́tìnì àtẹ̀ lórí rẹ̀. Bí síìpù bá kú, bọ́tìnì ṣì ń dí ọ̀nà. Súwẹ́tà ní tirẹ̀, ẹ ra èyí tí à ń ki orí bọ̀, tí kò lójú níwájú rárá.

Òjò: awọ ń mu omi, ó ń wúwo, tí ẹ bá sì sá a sójú oòrùn gbígbóná, á le, á sán.

Ìṣubú: awọ ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Títì kì í tètè já a dé ara.

Owó: iye aláwọ kan tó dáa á ra kóòtù àti súwẹ́tà, owó á ṣì ṣẹ́kù.

Ọ̀sán: ẹ lè ká kóòtù òjò sínú báàgì. Aláwọ, ẹ ó máa làágùn nínú rẹ̀ ni.

Jákẹ́ẹ̀tì tó wú bí ìrọ̀rí náà wà lọ́jà. Ó móoru nínú ọyẹ́ gbígbẹ, ṣùgbọ́n tí ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀ bá ti lè rin, ó ti parí.

Kóòtù òjò ní àléébù tirẹ̀. Òógùn kì í rí ọ̀nà jáde, ẹ máa ṣí ọrùn rẹ̀ tí ẹ bá dúró gbé èrò. Èyí tó gùn dé kókósẹ̀ léwu: ṣéènì lè fà á, sàlẹ́ńsà lè yọ́ ọ. Alápá méjì ni kí ẹ rà, ẹ̀wù àti ṣòkòtò.

Ẹni tó ń sáré lójú ọ̀nà tó já gaara, tó rí aláwọ tí síìpù rẹ̀ le, tó sì ní owó àtúnṣe nílẹ̀, kó rà á, ìṣubú kì í kéde. Ẹni tó ń jáde lójoojúmọ́, nínú òjò àti ọyẹ́, kó wá súwẹ́tà onírun àgùntàn. Ẹ já òwú kan lára rẹ̀, kí ẹ fi iná sí i: tó bá ń rùn bí irun tó jóná, tó sì rún di eérú, onírun ni, á ṣì mú yín móoru bó bá tiẹ̀ rin díẹ̀. Tó bá yọ́, tó dì gbagidi, ọ̀rá ni. Kí kóòtù fẹ̀ ju ìwọ̀n yín lọ díẹ̀, kó má tẹ súwẹ́tà pa. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọ méjèèjì pọ̀, kí ẹ na apá síwájú bí ẹni tó di ọwọ́ ọ̀kadà mú. Tí ọrùn ọwọ́ yín bá yọ síta, ẹ gba èyí tó tóbi jù ú lọ, kí ẹ sì fi ìbọ̀wọ́ kún un.